Ẹ Gbọ́ Wọn Tán Kí Ẹ Tó Dájọ́: Lórí Àwo Orin Jáàsì àti Heavy Metal

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkàwé yín kọ lẹ́yìn tí ẹ ròyìn ikú Ozzy Osbourne, akọrin ẹgbẹ́ Black Sabbath, ní oṣù keje ọdún 2025. Wọ́n ní orin tí àwọn olówó fi ń mu ọtí ní òtẹ́ẹ̀lì ni jáàsì, orin fèrè àti dùùrù àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà, pé igbe àwọn ẹlẹ́mìí èṣù ni heavy metal, orin gìtá oníná tí ohùn rẹ̀ wúwo, àti pé kò sí àwo kan nínú méjèèjì tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé lórí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí ó hàn nínú ọ̀rọ̀ wọn pé wọ́n mọ àpàlà àti sákárà dé ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún hàn pé wọn kò tíì gbọ́ àwo kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú àwọn tí wọ́n ń bú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: etí tí ìlù Yorùbá ti kọ́ ni ó yẹ jù láti ṣe ìdájọ́ àwọn àwo wọ̀nyí. Bí irú etí bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ wọn tán, yóò yin òmíràn, yóò ju òmíràn nù, ṣùgbọ́n kò ní pe gbogbo wọn ní ariwo.

Àgbádárìgì ni mò ń gbé, ní ìhà Ajara, nítorí náà ẹ má ṣe bínú bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí ó wà nítòsí wa. Ajido ni wọ́n ti bí Babatunde Olatunji ní ọdún 1927. Ní ọdún 1950 ni ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà tí ó fi wọ Morehouse College ní Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí New York, níbi tí iṣẹ́ ìlù ti gba iṣẹ́ ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó gbé Kind of Blue ti Miles Davis, tí ń fọn tìróńpẹ́ẹ̀tì nínú jáàsì, jáde ní ọdún tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá ka àkọlé àwọn orin inú àwo Olatunji yóò rí Akiwowo, yóò rí Oya, yóò rí Shango, Yorùbá sì ni ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ fi ń gbè é, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà. Kí n má purọ́, kì í ṣe àwo tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ègbè rẹ̀ dán jù fún mi, ìlù rẹ̀ sì ń ró ju bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyáàlù dùndún ní òde ìgbéyàwó yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwo náà ṣe láàárín àwọn olórin kò kéré. Max Roach, àgbà nínú àwọn onílù jáàsì, pe Olatunji wá sínú àwo We Insist! ní ọdún 1960 kan náà. Randy Weston, tí ń tẹ dùùrù jáàsì, pè é wá sínú Uhuru Afrika. Nígbà tí ó di ọdún 1962, John Coltrane, tí ń fọn fèrè saxophone nínú jáàsì, fi orin kan tí ó pè ní Tunji sínú àwo tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, ọmọ Ajido yìí sì ni ó fi orin náà ṣe ẹ̀yẹ fún.

Bí a bá ní kí àwọn olólùfẹ́ jáàsì dárúkọ àwo kan ṣoṣo, Kind of Blue ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ mú wá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní New York, ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1959, orin márùn-ún péré sì ni ó wà nínú rẹ̀. Miles Davis kò kọ orin sílẹ̀ délẹ̀ fún àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Ìlànà ṣókí ni ó fi lé wọn lọ́wọ́, ó sì fi olúkúlùkù sílẹ̀ láti wá ọ̀nà ara rẹ̀. Nínú orin àkọ́kọ́, So What, béèsì onígi ńlá tí Paul Chambers ń ta ni ó ń lé, tí dùùrù àti àwọn fèrè sì ń fi ìró méjì péré gbè é. Lílé àti gbígbè tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé náà ni. Mo fẹ́ràn àwo yìí, ṣùgbọ́n n kò fi í ṣe olórí, nítorí ó tutù débi pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ lè jókòó tì í títí yóò fi tán kí ó má sì gbọ́ nǹkan kan. Mo fura pé òun gan-an ni olùkàwé wa gbọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀bi ẹni tí ó yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí ìró ṣíbí lè borí rẹ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi Jimmy Cobb tí ó jókòó sídìí ìlù.

A Love Supreme ti John Coltrane ni mo fi ṣáájú gbogbo àwo jáàsì tí mo ti gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1964, ni òun àti McCoy Tyner tí ó ń tẹ dùùrù, Jimmy Garrison tí ó ń ta béèsì, àti Elvin Jones onílù fi ṣe é ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní New Jersey, ó sì jáde ní ọdún 1965. Apá mẹ́rin ni ó pín sí. Coltrane fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ara páálí àwo náà pé ní ọdún 1957 ni oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run la ojú ẹ̀mí òun, àti pé ọrẹ tí òun mú wá fún Un ni àwo yìí. Ó tẹ ewì kan sínú páálí náà pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá di apá kẹrin, tí ó pè ní Psalm, ẹ kò ní gbọ́ akọrin, ẹ kò sì ní gbọ́ ègbè. Fèrè saxophone nìkan ni ó ń rìn lọ lórí ìlù tí ó ń kù rìrì lábẹ́ rẹ̀. Ewì náà ni fèrè yẹn ń kà. Ó ka gbólóhùn kan, ó sinmi. Ó tún ka òmíràn, títí ó fi dé orí àmín tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ewì. Lewis Porter, onímọ̀ orin ará Amẹ́ríkà, fi ewì náà wé ohùn fèrè náà ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ó sì fi hàn pé wọ́n bára mu.

Ó ya àwọn tí ó kà á lẹ́nu. Kí ni ìyanu níbẹ̀ fún ẹni tí ó dàgbà sí ibi tí onílù ti ń ki bàbá rẹ̀ láì la ẹnu? Lóòótọ́, ọ̀nà méjèèjì kò rí bákan náà délẹ̀. Ìyáàlù ń tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú òkè àti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni Coltrane ṣe tẹ̀lé gígùn àti kíkúrú ọ̀rọ̀, àti bí oníwàásù nínú ìjọ àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ṣe máa ń gbé ohùn lọ sókè tí yóò sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, etí tí ó ti mọ̀ pé ohun èlò orin lè sọ̀rọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí àwo tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹni tí ó bá ní fèrè jáàsì kò sọ nǹkan kan, kí ó wá ewì yẹn, kí ó tẹ́ ẹ síwájú, kí ó máa kà á bí Psalm ṣe ń lọ. Kò gba owó púpọ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ lọ.

Olatunji tún wọ inú ọ̀rọ̀ náà níbí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, Coltrane ṣeré ní ilé àṣà Áfíríkà tí ọmọ Ajido náà dá sílẹ̀ ní òpópónà 125th Street ní Harlem. Àwo tí wọ́n gbé jáde láti inú eré náà ní ọdún 2001, tí wọ́n pè ní The Olatunji Concert, kò ní ju orin méjì lọ, ó sì lé ní wákàtí kan. Orúkọ orin àkọ́kọ́ ni Ogunde, bàtá sì wà lára àwọn ìlù tí wọ́n lù. Oṣù mẹ́ta kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Coltrane fi jáde láyé, ní ọjọ́ 17 oṣù keje. Wọn kò gba ohùn náà sílẹ̀ dáadáa: ohùn ń ya, ìlù ń bo fèrè mọ́lẹ̀, n kò sì ní fi í lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jáàsì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí olùkàwé wa gbọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré nínú rẹ̀, kí wọ́n wá dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì tí yóò gbà kí wọ́n fi í sí i níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jẹun.

Ìrìn àjò yìí kì í ṣe àlọ nìkan. Lester Bowie, tí ó ń fọn tìróńpẹ́ẹ̀tì, wá sí Èkó ní ọdún 1977, ó sì fọn ọ́n sínú No Agreement ti Fela. Tony Allen, tí ìlù rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú orin Fela, sọ pé inú ìwé ìròyìn orin kan tí Max Roach ti ṣàlàyé bí a ṣe ń lo hi-hat, ìyẹn àwo irin méjì tí onílù ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀, ni òun ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó sì di ọdún 2017, ó gbé àwo kékeré kan jáde ní ilé iṣẹ́ Blue Note láti fi yẹ́ Art Blakey, onílù jáàsì, sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn afrobeat tí ó sì ní òun kò fẹ́ jáàsì, ó yẹ kí ẹnìkan rọra bi í pé kí ni ó rò pé òun ti ń gbọ́ bọ̀.

Ní ti heavy metal, kì í ṣe ojúbọ èṣù kankan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ irin ni, ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tony Iommi nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ń tẹ okùn gìtá sì ni, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ gìtá ti parí fún òun. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ náà ni ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Django Reinhardt fún un pé kí ó gbọ́ ọ, ìyẹn onígìtá jáàsì tí iná jó ní ọdún 1928, tí ìka méjì lára ọwọ́ rẹ̀ fi rọ, síbẹ̀ tí ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ gìtá. Iommi yọ́ ike, ó fi ṣe adé fún àwọn ìka tí ó gé náà, ó wá okùn tí kò le sórí gìtá, nígbà tí ó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tẹ̀. Okùn tí ó dẹ̀ ni ó mú ohùn lọ sí ìsàlẹ̀ tí ó fi di wíwúwo. Orí ohùn wíwúwo yẹn ni gbogbo heavy metal jókòó lé títí di òní, rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì kan ni kò sì jẹ́ kí ó kú sínú ilé iṣẹ́ náà.

Àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath, ẹgbẹ́ Iommi àti Ozzy, jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1970. Paranoid tẹ̀lé e ní ọdún kan náà, Master of Reality sì jáde ní ọdún 1971. Àwọn kan máa ń gbé èyí àkọ́kọ́ gẹ̀gẹ̀ nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n Paranoid ni èmi yóò fi lé àlejò lọ́wọ́. Bill Ward tí ó ń lùlù fún wọn fẹ́ràn àwọn onílù jáàsì bíi Gene Krupa láti kékeré, ó sì hàn nínú War Pigs: níbi tí akọrin bá ti sọ̀rọ̀ tán, ìlù ni ó ń dá a lóhùn, kì í kàn ń ka ìwọ̀n fún un. Nínú Planet Caravan ẹ̀wẹ̀, wọ́n pa ariwo tì pátápátá. Kóńgà ni wọ́n ń lù níbẹ̀ jẹ́jẹ́, tí Iommi sì ń fi gìtá sọ̀rọ̀ ní ìparí rẹ̀ bí ẹni pé Django jókòó tì í. Bí ẹ bá fi orin yẹn fún ẹni tí kò mọ orúkọ ẹgbẹ́ náà, jáàsì ni yóò pè é.

Ẹ̀sùn èṣù ni ó wúwo jù nínú lẹ́tà náà, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́. Nínú orin tí ẹgbẹ́ náà fi orúkọ ara rẹ̀ pè, ọkùnrin kan ni ó rí ohun ẹ̀rù níwájú rẹ̀ tí ó ń ké pe Ọlọ́run kí ó gba òun. Ẹni tí ó ń sin èṣù kì í sá fún un. Geezer Butler, tí ń ta béèsì fún wọn, ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orin wọn, inú ìdílé Kátólíìkì ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. After Forever, tí ó wà nínú Master of Reality, ń bi ẹni tí ó ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ léèrè bóyá ó ti ro ti ọkàn ara rẹ̀. Bàbá Ozzy ni ó fi irin ṣe àgbélébùú tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé kọ́rùn. War Pigs tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọ̀gágun àti òṣèlú tí ń rán ọmọ tálákà lọ sójú ogun ni ó ń bú, ó sì fi wọ́n sórí eékún níwájú ìdájọ́ Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tí ń fi orúkọ Sátánì ta ọjà, pàápàá láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Venom ti gbé àwo Black Metal jáde ní ọdún 1982, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan tí ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní Norway dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀ràn ni wọ́n dá, ilé ẹjọ́ sì jù lára wọn sẹ́wọ̀n. N kì í gbọ́ orin wọn, n kò sì ní gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé olórin fújì méjì bú ara wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ni a ó fi sọ pé èébú ni fújì?

Ní ti pé ohùn rẹ̀ ga jù, àwa ará Àgbádárìgì ni ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ Ògù ní ìlù sàtó, tí ó ga ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lù ú lọ, àyà sì ni ènìyàn fi ń gbọ́ ọ kí ó tó dé etí. A kì í pe sàtó ní ariwo.

Master of Puppets ti Metallica, ẹgbẹ́ heavy metal láti Amẹ́ríkà, ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí. Ọdún 1986 ni ó jáde, orin mẹ́jọ ni ó ní, kò sì pé wákàtí kan. Nínú orin tí ó ń jẹ́ orúkọ àwo náà, òògùn olóró fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń bá ẹni tí ó ti di ẹrú rẹ̀ wí, ó ń pàṣẹ fún un, ó ń sọ fún un pé ayé rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ òun. N kò tíì gbọ́ ìwàásù tí ó le tó o lórí ọ̀rọ̀ òògùn olóró, bẹ́ẹ̀ ìwàásù kò wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Mile 2 wá sí ọ̀dọ̀ wa yìí, níbi tí tramadol àti kólórádò ti ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ wa jẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Orion, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, jẹ́ ẹ̀rí pé Cliff Burton tí ń ta béèsì fún wọn mọ orin dénú. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Sweden. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ náà kò tún ṣe àwo tí ó tó o mọ́. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1991, tí gbogbo ayé rà, mọ́ tónítóní, ó sì rọrùn láti kọ tẹ̀lé, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń fi ojú wá oníbàárà kí wọ́n tó ta okùn gìtá. St. Anger ti ọdún 2003 kò tilẹ̀ ṣeé bá dé ibì kan. Lars Ulrich, onílù wọn, tú wáyà abẹ́ ìlù kékeré rẹ̀, ìlù náà sì ń dún bí garawa òfìfo tí ọmọdé ń lù lẹ́yìnkùlé fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn olólùfẹ́ wọn ṣì ń jà lórí ìlù yẹn títí di òní. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà wá sọ́dọ̀ ẹbí Àyàn, kò ní pé ọjọ́ kan kí ó tó parí.

Bí olùkàwé wa bá ń wá ibi tí ọgbọ́n ìlù ti jinlẹ̀ nínú heavy metal, kí wọ́n gbọ́ obZen, àwo tí ẹgbẹ́ Meshuggah láti Sweden gbé jáde ní ọdún 2008. Ọwọ́ Tomas Haake, onílù wọn, ń di ìwọ̀n mẹ́rin mú láì yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọn gìtá sì ń rìn lórí ìwọ̀n mìíràn tí kò bá ti ọwọ́ dọ́gba, wọn yóò sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé. Ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tí ó gbọ́ ọ fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó ti jó sí dùndún rí, tí ó mọ bí gúdúgúdú ṣe ń di ojú kan mú nígbà tí ìyáàlù ń rìn gbẹ̀rẹ̀fẹ́, kò nílò ìṣirò kankan kí ó tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀. Mo gbà pé ohùn akọrin wọn le koko, kò sì sí orin atunilára nínú àwo náà. N kì í fi í sí i nígbà tí àlejò bá wà nílé.

Roots ti Sepultura ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé ó kan wa ju àwọn yòókù lọ. Brazil ni ẹgbẹ́ náà ti wá, ọdún 1996 ni àwo náà sì jáde. Wọ́n lọ bá àwọn Xavante, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà onílẹ̀ ní Brazil, láti gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n sì pe Carlinhos Brown wá láti Salvador ní Bahia kí ó wá lùlù kí ó sì kọrin nínú orin Ratamahatta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Àgbádárìgì mọ ohun tí wọ́n kó gba etíkun wa kọjá, ẹ sì mọ̀ pé ní Bahia, wọ́n ṣì ń fi èdè tí ó jọ tiwa kọrin sí òrìṣà. Ìlù irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wà lábẹ́ gìtá yẹn. Ọ̀rọ̀ orin inú Roots kò wú mi lórí, òmíràn nínú rẹ̀ kò ju igbe lọ, àwo náà sì ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọ́n yọ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ratamahatta nìkan tó láti fi gba ìdáríjì fún ìyókù.

Olùkàwé wa tún ní orin wọn gùn jù. Ẹni tí ó ra àwo Ebenezer Obey àti ti Sunny Ade ní àwọn ọdún 1970 kò yẹ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú àwo kan odindi ni wọ́n máa ń fi orin kan so mọ́ òmíràn láì dáwọ́ dúró. A ó ki ẹni tí a fẹ́ kì, ìlù yóò gbà á, gìtá yóò dáhùn, kò sì sí ẹni tí ń wo aago. Bí wọ́n ṣe to jáàsì àti heavy metal tí ó dára sínú àwo nìyẹn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fa orin kan ṣoṣo yọ kò tíì gbọ́ àwo. Fóònù ni ó ba èyí jẹ́ fún wa. Ó ń da orin rú, ó ń fi ìpolówó sáàárín apá kejì àti apá kẹta A Love Supreme, ọmọ tí ó sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ yóò ní kò yé òun. Kí ló fẹ́ yé e níbẹ̀?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín ni àyè kékeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níbi tí ẹni tí ó mọ ìlù yóò ti gbọ́ odindi àwo kan, ìbáà jẹ́ ti jáàsì, ti heavy metal tàbí ti àpàlà, tí yóò sì sọ ibi tí ó ti dùn àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Ìròyìn ta ni ó fẹ́ ta àti ta ni ó ra mọ́tò ti tó wa kà. Bí ẹ bá fún olùkàwé tí mò ń dá lóhùn ní iṣẹ́ náà, inú mi yóò dùn, nítorí ẹni tí ó mọ àpàlà bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kò ní pẹ́ dé ibi tí mò ń tọ́ka sí. Bí wọ́n bá sì gbọ́ Paranoid tán tí wọ́n ṣì ní kò dára, ìwé wọn yóò wúlò fún mi ju ìyìn ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rán akọ̀ròyìn kan wá sí Ajido. Olatunji kú ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2003, àwọn àgbà tí ó lè sọ irú ilé tí ó ti jáde àti irú ìlù tí ó gbọ́ ní kékeré kò sì ní máa pọ̀ sí i. Àwọn àlejò tí ń wá wo ilé alájà àkọ́kọ́ àti etíkun tí wọ́n ti kó ẹrú ń kọjá ní ìtòsí Ajido láì mọ̀ pé ẹni tí Coltrane fi orin yẹ́ sí ti ibẹ̀ wá. Kí akọ̀ròyìn náà mú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gidi dání, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan, kí ó sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn irú ìlù tí wọ́n ń lù níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1950.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín láti Ajara, Àgbádárìgì